Ìwé Ìsàmì, Ìwé Ìgbéyàwó Tàbí Oríkì: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Láti Wá Ìran Yín ní Èkó?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ní Èkó sábà máa ń ní nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan, àdúgbò tí ilé wọn wà, àti ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ nígbà kan rí pé ìjọ báyìí-báyìí ni wọ́n ń lọ. Ohun mẹ́ta yìí ni yóò kó dání lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, yóò sì bèèrè ìwé ìsàmì. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ìwé tí kò lè dáhùn ohun tí mo ń bèèrè. Ìwé náà kò ní àbùkù. Ìbéèrè mi ni kò bá a mu. Ìwé tí ìjọ ń tọ́jú ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Mo fẹ́ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín, kí ẹni tí kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ fún ìwádìí lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣí.

Ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé ìsàmì ni ìpìlẹ̀, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ọjọ́ ìbí jù. Òótọ́ ni, pàápàá nínú ìjọ Áńgílíkà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́. Irú ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, mọ̀ láti ilé wọn ni èyí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1812 là sílẹ̀: ọjọ́ ìsàmì, orúkọ tí a sọ ọmọ, orúkọ àwọn òbí, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá, àti orúkọ àlùfáà tí ó ṣe é. Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Orúkọ ìyá wà, ṣùgbọ́n orúkọ ìsàmì rẹ̀ nìkan ni, lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, Hannah kan tàbí Sarah kan. Bàbá tí ó bí i, agboolé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, ìlú tí ó ti wá, kò sí àyè tí wọ́n là fún wọn. Ẹni tí ó bá ń tọ ìran ìyá lọ yóò kọlu ògiri kété tí ó bá ti kọjá ìyá tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwé ìgbéyàwó ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn níbi ògiri yẹn. Òfin ìgbéyàwó tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Èkó ní ọdún 1884 ni gbòǹgbò èyí tí a ń lò títí di òní, ìwé ẹ̀rí tí ó sì bá a rìn ní àyè fún orúkọ ọkọ àti ìyàwó, bóyá wọ́n ti tó ọjọ́ orí, bóyá ẹnìkan nínú wọn ti ṣe ìgbéyàwó rí, iṣẹ́ wọn, ibùgbé wọn, orúkọ bàbá ọkọ, orúkọ bàbá ìyàwó, àti iṣẹ́ tí àwọn bàbá méjèèjì ń ṣe. Lórí ewé kan ṣoṣo, ẹ ti rí ìran méjì ní ìhà méjèèjì. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé òfin kò jẹ́ kí ó dá wà: ẹ̀dà méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, ọ̀kan fún tọkọtaya, èkejì fún akọ̀wé ìgbéyàwó ti ìjọba láàárín ọjọ́ méje. Bí ikán tàbí omi bá ti ba ti ìjọ jẹ́, èyí tí ìjọba gbà lè wà síbẹ̀, èyí tí ìyá àgbà gbà sì lè wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan péré ni ẹ lè wá, ìwé ìgbéyàwó ni mo máa ní kí ẹ wá. Láti orí rẹ̀, ẹ ó ti mọ orúkọ bàbá ìyàwó. Ẹ ó fi orúkọ yẹn wá ìsàmì ìyàwó náà. Ìsàmì yóò fún yín ní orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ bàbá àti ìyá náà ni ẹ ó sì fi wá ìgbéyàwó tiwọn. Báyìí ni a ṣe ń gun àkàbà náà, ẹsẹ̀ kan lórí ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ kejì lórí ìsàmì.

Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó ní àléébù kan tí ó wúwo láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Èkó ni ó gbé ìyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó sì fẹ́ àwọn mìíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, àwọn ìyàwó ìbílẹ̀ wọ̀nyí kò sì lè sí nínú ìwé ìgbéyàwó ìjọ, bí ó ti wù kí ọkọ náà lókìkí tó. Ọmọ wọn lè wà nínú ìwé ìsàmì, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ ìyá nìkan. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ìyá àgbà yín kì í ṣe ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yí ìmọ̀ràn mi padà, kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé ìsàmì. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú àyè bàbá ṣófo, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ pé ọmọ náà kò ní bàbá. Gbogbo agboolé lè mọ bàbá rẹ̀, kí wọ́n ti kó ọmọ jáde ní ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ níṣojú ẹbí. Ó lè jẹ́ pé ìlànà ìjọ ni kò jẹ́ kí akọ̀wé fi orúkọ bàbá síbẹ̀.

Ìjọ wo ni kí ẹ lọ?

Ìbéèrè yìí ni ó ń gba àkókò àwọn ènìyàn jù, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìtàn bí ìdílé yín ṣe dé Èkó.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Sàró, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n ti ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone) padà wá, tí ilé àwọn àgbà yín wà ní Olówógbowó tàbí ní àyíká Breadfruit, ìwé Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Láti ẹ̀wádún 1850 ni ìjọ St. Paul's, Breadfruit àti St. Peter's, Fàájì ti wà. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo Sàró ni ó jẹ́ onígbàgbọ́: ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta Bey, ẹni tí ó kọ́ mọ́sáláṣí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894, ìdílé tí ó bá sì jẹ́ ti irú wọn kò ní rí ohun kan nínú ìwé ìjọ, bí orúkọ wọn tilẹ̀ dàbí ti òyìnbó.

Orúkọ Sàró gan-an ni ọ̀fìn tó jìn jù. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì ṣe ìsàmì fún un ní ilẹ̀ Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un, ó sì di Samuel Crowther, ẹni tí a mọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan láàárín òun àti àlùfáà yẹn. Bákan náà ni ọ̀ràn ọ̀pọ̀ Cole, Davies, Johnson àti Williams tí ó kún inú ìwé ìjọ Èkó: orúkọ míṣọ́nnárì, ti olùkọ́ tàbí ti bàbá ìsàmì ni, tí àwọn ènìyàn láti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ jọ ń jẹ́ láìjẹ́ ẹbí. Bí ẹ bá rí Williams mẹ́wàá lójú ewé kan, ẹ má tíì so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ bàbá, òpópónà tí wọ́n ń gbé àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀fìn kejì ni pé orúkọ ń yí padà. Lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀làjú kan ní Èkó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Àgbẹ́bí ní ọdún 1894. Edmund Macaulay ni ẹni tí a wá mọ̀ sí Kítóyè Ajáṣà. Ẹni tí ó bá ń wá irú àgbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ó kú mọ́ kò ní rí ìsàmì rẹ̀ láéláé. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá ìdílé ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí, kí ẹ sì wá méjèèjì.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Àgùdà, tí àwọn bàbá yín ti Brazil tàbí Cuba dé, tí ilé wà ní Pópó Àgùdà, ní àyíká Campos tàbí òpópónà Bámgbóṣé, ìwé Kátólíìkì ni tiyín, ìjọ Holy Cross sì ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1863 ni Fadá Borghero ti SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan, bẹ Èkó wò, ọdún 1868 sì ni àwọn fadá wá jókòó síbẹ̀. Bí mo bá gbé ìwé yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti Áńgílíkà, ti Kátólíìkì ni mo rò pé ó dára jù fún olùwádìí. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé òfin ìjọ ní kí wọ́n padà sí ìlà ìsàmì ẹni láti kọ ìgbéyàwó rẹ̀ sí etí ìwé. Nítorí náà ẹ lè rí ọmọ ọwọ́ àti ìyàwó tí ó wá dà lójú ewé kan náà. Ìdí kejì ni pé ìwé ìgbéyàwó wọn sábà máa ń dárúkọ bàbá àti ìyá àwọn méjèèjì tí wọ́n so pọ̀. Wọ́n tún ń kọ orúkọ bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ẹbí tàbí ẹni tí ó jọ ti òkè òkun bọ̀.

Ìnira rẹ̀ ni èdè. Látìnì ni àwọn fadá fi ń kọ ọ́ ní àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ nílò kò pọ̀: natus tàbí nata ni ẹni tí a bí, filius ni ọmọkùnrin, filia ni ọmọbìnrin, patrinus ni bàbá ìsàmì, matrina ni ìyá ìsàmì, ignotus sì ni ẹni tí a kò mọ̀. Ìnira kejì jọ ti Sàró: orúkọ bí da Silva tàbí Pereira lè jẹ́ ti olówó ẹrú ní Bahia, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ Àgùdà ní àǹfààní kan tí ó mú orí mi wú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìkànnì ìwádìí ìran tí ń jẹ́ FamilySearch ti gbé àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ Kátólíìkì ilẹ̀ Brazil, títí kan ti Bahia, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nínú irú ìwé wọ̀nyí ni àwọn àlùfáà sì ti máa ń kọ ọ́ síwájú ẹlòmíràn pé Nagô ni, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò gùn láti sọ. Wọn kì í ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọjọ́ ìrìbọmi nínú ìwé wọn kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ ìbí, ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ òbí má sí níbẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ ìjọ wọn ló wúlò jù.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń gbàgbé jù ni ìjọ tí àwọn ènìyàn wa dá sílẹ̀ fúnra wọn. Ní ọdún 1888, apá kan kúrò nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, ìjọ Onítẹ̀bọmi Ẹbenésérì sì jáde láti inú rẹ̀. United Native African Church bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1891. Ní ọdún 1901, àwọn ọmọ ìjọ Breadfruit tí ọ̀rọ̀ mímú tí wọ́n mú àlùfáà wọn, James Johnson, kúrò láàárín wọn dùn jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ìwé Breadfruit, tí ìdílé kan ń mú ọmọ wá fún ìsàmì ní ọdọọdún, tí orúkọ wọn sì dúró lójijì ní àyíká ọdún yẹn, ẹ má sọ pé wọ́n kú tàbí pé wọ́n kó lọ. Ẹ lọ bèèrè ní Bẹ́tẹ́lì, ìjọ African Church ní Èkó. Àwọn kan nínú ìjọ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀nyí sì gba ọkùnrin aláya púpọ̀ mọ́ra, nítorí èyí agboolé tí ìwé Áńgílíkà fi ìlàjì rẹ̀ pamọ́ lè pé pérépéré nínú tiwọn.

Ní Èbúté Mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá síbẹ̀ láti Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò níbẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà St. Jude's, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún yẹn, Abẹ́òkúta ni ẹ ó ti lọ wá a, kì í ṣe ní Erékùṣù Èkó.

Ìwé ìjọ àti oríkì

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé oríkì kì í ṣe ẹ̀rí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí ìwé ìjọ mọ̀ ni ọjọ́, òpópónà àti iṣẹ́. Kò mọ ìlú tí a ti ṣẹ̀ wá, nítorí kò bèèrè rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ kò mọ ọjọ́ kankan, ṣùgbọ́n ìlú tí a ti wá gan-an ni ó ń kì. Ẹ rántí ògiri tí mo sọ nípa ìran ìyá: ìyàwó tí ìwé ìsàmì pè ní Hannah lásán kò fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ó fi ń ki ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ọmọ yẹn lè ti fi ki ọmọ tirẹ̀, ìlà mẹ́rin rẹ̀ sì lè kù lẹ́nu àǹtí kan ní Ṣómólú títí di òní. Níbi tí ìwé ti dákẹ́ nípa obìnrin, oríkì ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ewu rẹ̀ ni kí a túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú etí òde òní. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n ń kì ní ọmọ Oníkòyí, tí àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ti gbà pé Ìkòyí tí ó wà ní Èkó ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ìkòyí tí oríkì yẹn ń sọ wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlú àwọn jagunjagun ni. Nítorí náà, ẹ kọ oríkì sílẹ̀ bí àgbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, nítorí ìwé yóò dúró dè yín, àgbà lè má dúró.

Ìwé ìsìnkú, àti ìwé tí ó wà lókè òkun

Nínú ìwé ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìsìnkú ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kéré jù. Iye ọdún olóògbé jẹ́ ohun tí ẹbí fojú bù, wọn kì í sì kọ orúkọ òbí òkú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n sì sin sínú ilé wọn. Síbẹ̀, ó ní ibi tí kò ní arọ́pò. Nígbà tí wọ́n hú itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, òkúta orí ibojì púpọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sára wọn sì lọ. Fún ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀, ìlà kan nínú ìwé ìsìnkú ìjọ lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹ́kù.

Àwọn kan rò pé ohun gbogbo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé CMS wà ní Cadbury Research Library ní Yunifásítì Birmingham, ti àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù, ti SMA wà ní Róòmù, apá kan ìwé CMS sì wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́tà, ìròyìn àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé ìsàmì gan-an, ìjọ tí ó kọ ọ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí bàbá àgbà yín bá jẹ́ katikísì tàbí olùkọ́ ilé ìwé míṣọ̀n, ìwé òkè òkun lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò tàbí káfíńtà tí ó kàn ń wá sí ìsìn, ẹ fi owó ọkọ̀ òfurufú yín pamọ́. Ọmọ Sàró tí ó bá fẹ́ kọjá Èkó lè wo àkójọ African Origins lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí orúkọ àbísọ ènìyàn tí ó lé ní 91,000, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, wà pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn.

Kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ìjọ

Ẹ kọ lẹ́tà sí fíkà tàbí fadá ṣáájú, kí ẹ sọ orúkọ ẹni tí ẹ ń wá, orúkọ òbí rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti àlà ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Akọ̀wé ìjọ tí ẹ bá sọ fún pé kí ó wá "nǹkan bí ìgbà ogun Hitler" kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ó kan ẹni tí ó ṣì wà láàyè, wọ́n lè kọ̀ láti fi hàn yín, òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi fóònù ya àwòrán ewé kankan.

Ẹ múra sílẹ̀ fún sípẹ́lì àtijọ́. Ìpàdé kan ní Èkó ní ọdún 1875 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ, kódà lẹ́yìn rẹ̀, "Aiyé" ni wọ́n ń kọ fún Ayé, "sh" sì ni ọ̀pọ̀ fi ń rọ́pò "ṣ". Ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń wá ní gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ ọ́ sórí bébà kan kí ẹ tó jókòó.

Níkẹyìn, ẹ má ṣe da ìlà kan ṣoṣo kọ. Ẹ da àwọn tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kọ pẹ̀lú, kí ẹ sì da orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí kọ. Nínú ìwé ìgbéyàwó bàbá àgbà tèmi, orúkọ ẹlẹ́rìí kejì kò jọ ti ẹnikẹ́ni tí a mọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí n fò ó. Mo ka á sókè fún àbúrò bàbá mi, ọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí n tún un kà, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá àgbà wa ní oríkì tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà lọ́kùnrin ni ẹlẹ́rìí yẹn, orúkọ rẹ̀ sì ni ó gbé oríkì náà padà wá sí ọkàn rẹ̀.